Owó Tí Wọ́n Yá Gbẹ́ Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin èwe ìwòyí, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire,

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nídìí aṣọ títà lọ́jà gan-an ni mo sì ti dàgbà. Nítorí náà, ẹ má ṣe kà á sí àṣejù bí mo bá kọ̀wé sí yín nípa ìrìn àjò tí mo rìn lọ ra aṣọ ní Dubai, ìlú tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi orúkọ rẹ̀ sùn, tí ẹ sì ń fi í jí.

Òru ni ọkọ̀ òfuurufú wa balẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín, ẹnu yà mí. Iná tàn lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tí kò ní awakọ̀ ń sáré lókè afárá, bẹ́ẹ̀ ni ilé àwòṣífìlà tí wọ́n ń pè ní Burj Khalifa, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 828, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, dúró gbọnin bí àgbà ìrókò láàárín ọ̀dàn.

Nínú àwa oníṣòwò tí a jọ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ọlọ́yàyà ọmọ, tí owó tí ó kó dání jẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ bá a yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ya fọ́tò: ó yà á lábẹ́ ilé gíga, ó yà á nídìí omi tí ń jó sí orin, ó háyà mọ́tò olówó ńlá wọ inú aṣálẹ̀ lọ yà á lórí ràkúnmí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin tí a fẹ́ ra ọjà, èyí tí ó kù lápò rẹ̀ kò lè ra ìdajì ohun tí ó bá wá. Mo bá a lórí àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó sì dùn mí wọ egungun, nítorí ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi í fún ẹkùn pa jẹ.

Mo mú un lọ́wọ́, ó di etí ọ̀sà ní Deira, níbi tí àwọn ọkọ̀ onígi ti ń kó táyà, fíríìjì àti àpò ìrẹsì, tí ẹrù sì tò lọ bẹẹrẹ létí omi. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé kí epo rọ̀bì tó dé, péálì ni àwọn ará ìlú yìí ń wá jẹun: ọkùnrin yóò so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, yóò di imú, yóò sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn ará Japan wá rí ọgbọ́n tí a fi ń sin péálì bí ẹni ń sin ẹran ọ̀sìn, òwò náà dojú dé, ebi sì wọ ìlú. Iyanrìn ń dí ẹnu ọ̀sà náà, ọkọ̀ ńlá kò rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí Sheikh Rashid gorí oyè ọba Dubai ní ọdún 1958, ó yá owó lọ́dọ̀ àwọn ará Kuwait, ó sì fi gbẹ́ ọ̀sà. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: ọdún 1966 ni wọ́n tó rí epo rọ̀bì.

Owó yíyá ni tiwọn, owó yíyá ni ti ọmọ wa yìí pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni kò dọ́gba. N kò bá yín wí nítorí gbèsè, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí kò sí oníṣòwò tí kò jẹ ẹ́ rí, àmọ́ ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje, ìyá yín tí ó ṣe onídùúró ni igi náà yóò sì wó lù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: lẹ́yìn iná tí ẹ ń yà ní fọ́tò, ọ̀sà tí wọ́n gbẹ́ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà àti Pakistan tí wọ́n fi òógùn gbé ilé wọ̀nyẹn ró nínú oòrùn wà níbẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ máa wá wọn lọ kí ẹ tó na kọ́bọ̀ kan.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní abra, a san dírámù kan, ó ń gbé wa lọ sí ọjà aṣọ ní òdìkejì, ní Bur Dubai. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé àárín omi. Nígbà tó yá, ó yọ owó tí ó kù síta, ó kà á, ó tún un kà, ó wá bi mí bóyá àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà á gbà láti ta ìdajì ìdì.