Ewì ni Orin Dáfídì

Ẹni tí ó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé àdúrà lásán ni Orin Dáfídì ń ṣì í lọ́nà. Ewì àwọn Júù ni: ohun tí ìlà kìíní bá sọ, ìlà kejì a fi ọ̀rọ̀ mìíràn tún un sọ, gẹ́gẹ́ bí àwítúnwí inú oríkì wa. Ẹ wo Orin 119: lẹ́tà Hébérù 22, ẹsẹ 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó di ẹsẹ 176. Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 kò lè gbé ọnà lẹ́tà yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n àwítúnwí kò sọnù. Wọ́n ní orí omi ni àwọn aládùúrà ń pè é sí. Ó dára, ọfọ̀ ńkọ́, ewì kọ́ ni?