Ọwọ́ Ọ̀tún Tí A Fi Ń Fa Ọmọ Mọ́ra

Kò sí ilé Yorùbá kan, ì báà ṣe ní àárín ìgboro Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ì báà ṣe ní abúlé oko tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn igi kòkó ní ẹkùn Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà, tí a kì í ti í pa á lówe pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Òwe náà ti mọ́ ẹnu wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa á láìbojú wo inú rẹ̀. Bí baba bá sì ti lu ọmọ rẹ̀ tán, tí àyà òun fúnra rẹ̀ ń lù kìkì, òwe yìí ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa ní ogún, tí ìdajì kejì sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú òwe náà yóò rí i pé ọ̀dọ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni ìdájọ́ rẹ̀ tẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ òsì. Ọ̀tún ni Yorùbá fi ń jẹun, ọ̀tún ni ó fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún ni àgbẹ̀ fi ń di ọkọ́ àti àdá mú. Ṣùgbọ́n òsì, a kì í tilẹ̀ fi í júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ tí kò lágbára, tí iṣẹ́ kò mọ́ lára, tí ó bá sọ òkò kì í bá ibi tí ó fojú sí, òun gan-an ni òwe gbé pankẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹni tí inú ń bí, ọ̀tún ni ara rẹ̀ yóò sáré gbé. Kí ó tó rántí pé òsì ni òwe wí, kí ó sì tó pààrọ̀ ọwọ́, ìbínú náà yóò ti rọ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì ti là sí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹ sì tún wò ó: ara kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà. Òwe kò wí pé kí a na ọmọ lónìí, kí a wá fà á mọ́ra lọ́la nígbà tí omijé bá ti gbẹ. Ẹni tí ó bá sì ti fi ọ̀tún fa ọmọ mọ́ àyà, àyè wo ni òsì tún fẹ́ rí tí yóò fi gbé ẹgba sókè? Èrò tèmi ni èyí o, n kò sọ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà jókòó ṣírò rẹ̀ báyìí.

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ọwọ́ méjèèjì. Agbo ilé ni ó ni wọ́n. Àwọn ará Ìbàdàn ní ilé ní ìgboro, wọ́n sì ní oko lẹ́yìn odi, ní ọ̀nà Lálúpọn, ní ọ̀nà Mọ́níyà, ní ọ̀nà Akànrán, ọmọ kan kì í sì í ní ìyá kan tàbí baba kan ṣoṣo ní ibi méjèèjì. Bí baba bá gbé ẹgba, ẹgba kejì kò ní tíì balẹ̀ tí ìyá àgbà yóò fi ké láti inú yàrá pé, "Ó tó bẹ́ẹ̀! Àkànní, mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ fún mi." Baba kò sì gbọdọ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ náà, nítorí ẹni tí ó bá kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà lójú gbogbo ilé ti dójú ti ara rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ ni ọmọ yóò sá di. Òun ni yóò nu imú rẹ̀, tí yóò bu omi fún un mu, tí yóò jẹ́ kí òṣé ẹkún náà dáwọ́ dúró, kí ó tó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni o ṣe fún baba rẹ?" Lẹ́yìn náà ni yóò fi ibi tí ó ti ṣìṣe hàn án, tí yóò sì fà á lọ́wọ́ padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún baba. Òsì ni ti baba, ọ̀tún ni ti ilé. N kò sọ pé ìwà ìkà kò sí láyé ìgbà náà. A mọ̀ pé ojú àwọn ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè baba wọn rí màbo ní ilé olówó; ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ìyà wọn di ìyà gan-an ni pé wọn kò ní ẹni tí yóò ké láti inú yàrá.

Agbo ilé tí a ń wí yìí ni ó ti tú ká lójú wa. Ìgboro ti yọ ẹsẹ̀ wọ oko. Ibi tí ó jẹ́ oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá àti Mọ́níyà nígbà kan rí, ayálégbé ni ó kún ibẹ̀ lónìí. Ìyá ọmọ yóò wà nínú yàrá kan àti pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ti gun ọ̀kadà jáde láti ìdájí, tàbí kí ó wà ní Èkó tí kì í wálé àfi ìparí oṣù. Ìyá àgbà tí ì bá bẹ̀bẹ̀ wà ní abúlé pẹ̀lú orúnkún dídùn, bí kò bá jẹ́ pé ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ mìíràn wo ọmọ. Obìnrin yìí ti ti ọjà dé, epo ti wọ́n, owó ilé ìwé wà nílẹ̀, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu tí ọmọ ọlọ́dún méjì fi da ìkòkò ọbẹ̀ nù. Ta ni yóò ké pé ó tó? Ayálégbé ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ́ igbe ọmọ, ṣùgbọ́n ó rọra ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, nítorí bí ó bá dá sí i, wọn yóò ní kí ó lọ bí tirẹ̀. Báyìí ni òsì àti ọ̀tún ṣe bọ́ sí ọrùn ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ó ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Nígbà tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn orílẹ̀-èdè yìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, ṣe ìwádìí lórí ìwà ipá sí ọmọdé ní 2014, wọ́n rí i pé nínú ọmọ 10, nǹkan bí 6 ni a ti hùwà ipá kan tàbí òmíràn sí kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, àti pé lílù ni ti nǹkan bí ìdajì gbogbo ọmọ.

Mo rí ọwọ́ ọ̀tún náà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó gàrí kan ní ọ̀nà Lálúpọn. Àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́, èéfín ń rú lábẹ́ agbada, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sì mú ọ̀bẹ kan nílẹ̀, ó fẹ́ bó tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ já ọ̀bẹ náà gbà. Ni ọmọ bá gbé ara janlẹ̀ lórí òkìtì èèpo, ó ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta. Ìyá gbé igbá tí ó fi ń yan gàrí sókè, ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ sí i lórí, ṣùgbọ́n arúgbó kan tí ó jókòó lórí àpótí na ọwọ́ dá a dúró láìdìde. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ki ọmọ náà: Àjàní, Àjàní ọkọ òun, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí. Igbe náà kò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Arúgbó kò yára, kò sì gbé ohùn sókè. Nígbà tí ó ki í dé ibì kan, ó ní, "Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ, àbí? Ó dùn ọ́ wọnú eegun. Ọ̀bẹ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Dìde, wá bá mi kó èèpo sínú agbọ̀n yìí, ọwọ́ mi kò gbà á." Ọmọ náà dìde, ó ṣì ń ṣe òṣé, èèpo lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́tí, ó sì ń kó o ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń wojú arúgbó bí ó bá ti sọ ọ̀kan sínú agbọ̀n. Ní gbogbo ìgbà náà, a kò fún un ní ọ̀bẹ.

Kí àwọn tí ó ń pe irú ìwà yìí ní àkẹ́jù kíyè sí ọ̀bẹ yẹn. Wọn a máa rán wa létí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pẹ̀ka, ẹ̀ka ni ó ń gé. Bí ó bá ti gbé àáké lé ìdí igi, kí ó má sọ pé òun ń tọ́ ọ mọ́. Àkẹ́jù ni kí a fún ọmọ náà ní ọ̀bẹ kí ariwo lè dákẹ́. Ọmọ ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbé ara janlẹ̀ lójú ọjà kò jáde láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ọmọ ọdún 20. Bí a bá sì pariwo mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó gbé ẹnu dákẹ́ kíá, ohun tí àgbà tí ó ń pariwo náà kò lè ṣe fún ara rẹ̀ ní wákàtí yẹn ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ìgbà mìíràn, ebi ni. Ìgbà mìíràn, oorun ni, tàbí ibà tí kò tíì hàn lára. Èyí tí a kì í sì í tètè rí ni ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ó jí lówúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bá ẹlòmíràn ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ó bá ge ọmọ tuntun náà jẹ, tí a sì lù ú, ohun tí ó ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ ni a fi ẹgba jẹ́rìí sí. Ẹ rán an ní iṣẹ́ ọ̀já, ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n, kí baba gbé e síwájú ọ̀kadà lọ sí oko ní òun nìkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ó sì rí i bí eyín náà yóò ti máa rọ̀.

Ẹgba a máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a lù nítorí àwo tí ó fọ́, bí yóò ti fi èéfọ́ rẹ̀ pamọ́ ni ó kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdẹ́rùbà. "Jẹ́ kí baba rẹ dé!" ni àwọn ìyá ń sọ láti àárọ̀, títí ìró ọ̀kadà baba fi di ohun tí ọmọ ń sá wọ abẹ́ ibùsùn fún. "Nọ́ọ̀sì á gún ẹ ní abẹ́rẹ́!" ni wọ́n ń sọ, tí wọn yóò sì wá máa wọ́ ọmọ náà nílẹ̀ lọ sí ibùdó ìlera lọ́jọ́ tí ó bá nílò abẹ́rẹ́. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti èébú. A ti fún ọmọ ní oríkì láti ìgbà ìsọmọlórúkọ, Àdùkẹ́, Àbẹ̀ní, Àkànbí, orúkọ tí a ṣe kí orí rẹ̀ lè máa wú. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ di alẹ́, olóríburúkú àti ọ̀dẹ̀ ni ó ń gbọ́. Ọjọ́ tí ó bá sì ṣe dáadáa, tí ó fọ abọ́ láìjẹ́ pé a rán an, kò sí ẹni tí yóò sọ nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ó dá lórí ìlera ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ti ṣe aṣáájú rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì gbé ìlànà jáde ní 2023 lórí bí a ṣe lè ran àwọn òbí lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa máa fìyà pá ọmọ lórí. Ohun tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ òbí kò ṣòro: kí a wá àkókò bá ọmọ ṣeré, kí a yìn ín nígbà tí ó bá ṣe rere, kí òfin ilé mọ níwọ̀n kí ó sì dúró, kí a sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe dípò kí a máa pariwo má ṣe, má ṣe. Arúgbó ọ̀nà Lálúpọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún un.

Òfin pàápàá ti ń yí sí ọ̀tún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dọ́gba. Ìwé òfin ọ̀daràn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní apá gúúsù Nàìjíríà, ní ẹsẹ 295, ṣì gba òbí àti olùkọ́ láyè láti na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ìbáwí, bí kò bá ti di egbò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, ní a kò gbọdọ̀ pa ọmọ lára tàbí lọ́kàn. Ní ilẹ̀ àwọn ìbátan wa níhà ìwọ̀-oòrùn, Tógò ti fi òfin de lílu ọmọ nínú ilé láti 2007, Benin sì tẹ̀ lé e ní 2015. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí òfin tí ó lè wọ yàrá ayálégbé ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí ọbẹ̀ bá dànù, kí ó wá sọ pé, "Mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ fún mi."

Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́, kí ó kọ́kọ́ bẹ ara rẹ̀: kí ó gbé ọmọ sí ibi tí iná àti omi gbígbóná kò sí, kí ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó mu omi tútù, kí ó sì padà wọlé nígbà tí èémí rẹ̀ bá ti balẹ̀. Àmọ́ n kò rò pé ó tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò tuntun Ẹgbẹ́dá àti Akínyẹlé a máa ṣe ìpàdé lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà àti owó ọlọ́dẹ ni wọ́n sì ń jà lé lórí títí wọn yóò fi túká. Wọ́n lè fi ẹyọ kan kún un: pé bí ẹkún ọmọ bá ti kọjá bí ó ti yẹ ní ilé ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní àṣẹ láti kan ilẹ̀kùn, kí ó kí ìyá ọmọ kú iṣẹ́, kí ó gbé ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ títí ìyá yóò fi jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé kí ni ó kàn án níbẹ̀.