Ìwé Ara Oògùn Adìẹ Ń Purọ́

Ọ̀ràn ara mi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Adìẹ mẹ́rìnlá ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí ojú wọn ń yọ ipin, mo ra ìgò oògùn kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà ní fítámì ni, pé adìẹ tí ó bá mu ún yóò máa yé dáadáa. Mo pò ó mọ́ omi wọn fún ọjọ́ márùn-ún. A ń jẹ ẹyin wọn, àwọn aládùúgbò sì ń rà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, omi dà sí ìgò náà lára, ìwé náà ṣí. Ìwé mìíràn ni mo bá lábẹ́ rẹ̀! Ó ní tetracycline ni oògùn náà, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹyin adìẹ tí ó bá mu ún títí ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ó bá mu ún tán. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a dá a nù sì ti kọjá láti èṣí. Ọmọ mi tí ó kéré jù kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹyin kan ni mo ń fún un láràárọ̀. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì rí ohun tí ó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé oògùn ẹran kò kan ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí adìẹ bá mu a máa wọ inú ẹran ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Iná ìdáná kì í pa púpọ̀ nínú irú oògùn wọ̀nyí tán. Ẹni tí penicillin kò bá lára mu, ara rẹ̀ lè sú, ojú rẹ̀ lè wú. Kòkòrò àrùn tí ó bá sì ń tọ́ oògùn wò díẹ̀díẹ̀ a máa mọ̀ ọ́n títí oògùn náà kò fi ní ràn án mọ́. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni chloramphenicol, tí ó lè dá mùdùnmúdùn egungun ènìyàn dúró kí ó má ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Láti 1994 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù tí ó para pọ̀ ti kà á léèwọ̀ fún ẹran tí a ń jẹ.

Àwa náà kò ṣàìní òfin. Òfin 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀, oògùn ẹran sì wà lára iṣẹ́ tí ó fi lé e lọ́wọ́. Nínú òfin wa, ayédèrú ni oògùn tí ìwé ara rẹ̀ bá ń purọ́. Òfin 1999 ní kí ẹni tí ó bá ń tà á san owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. “Tàbí” yìí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oníṣòwò ńlá a san owó náà bí ẹni san owó ọkọ̀, a sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni kí a fi síwájú.

Mo ń kí ìjọba kú iṣẹ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì dáná sun ún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti dé ilé wa ńkọ́? Kí wọ́n máa ka orúkọ àti nọ́ńbà oògùn tí wọ́n bá mú lórí rédíò ní èdè Yorùbá, ní àsìkò tí a ń dáná alẹ́. Kí wọ́n sì fi dandan lé e pé kí iye ọjọ́ tí a óò fi dúró kí a tó jẹ ẹyin wà lára ìgò ní lẹ́tà gàdàgbà, kì í ṣe lẹ́tà bí ẹsẹ̀ eèrà.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, kí ẹ sì fi èékánná họ etí ìwé náà wò bóyá òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó pe ọmọ iléèwé. Ó sàn kí dókítà ẹran kọ́kọ́ wo adìẹ náà. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n owó tèmi náà ti ṣòfò.

Mo ti dá owó àwọn aládùúgbò padà, mo sì ti gbẹ́lẹ̀ sin ẹyin tí ó kù. Ìgò náà wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Lọ́la ni n óò gbé e lọ fún ìjọba.