Àdéhùn Epo Tí A Ṣe ní Àbújá àti Èéfín Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Táńkà tó bá gbé epo jáde ní Àpápá, ní Èkó, tó dorí kọ Òṣòdì, iwájú bọ́sítọ́ọ̀bù Ìjẹ̀ṣà ló máa gbà kọjá. Epo yẹn kì í pẹ́ kó tó padà wọ àdúgbò Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Dánfó tó ń pe Ṣẹ́lẹ̀ àti Mile 2 yóò mu nínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ yóò mu nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ata náà yóò sì mu tirẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ ata rí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ̀rọ á wúkọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, èéfín dúdú á tú jáde, ìyá tó gbé bẹ́sìnnì dání á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi etí ìró bo imú, ata á sì máa lọ.

Imí-ọjọ́ wà lára ohun tó mú kí èéfín yẹn burú tó bẹ́ẹ̀. Inú epo rọ̀bì ló ti ń wá, ilé ìfọpo ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n owó ńlá ni yíyọ rẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin sọ pé nínú ìwọ̀n mílíọ̀nù kan dísẹ́lì, imí-ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Nàìjíríà fàyè gba 3,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà náà, èyí tí kò ṣeé tà fún ọlọ́kọ̀ Yúróòpù ni àwọn oníṣòwò máa ń pò pọ̀ ní Amsterdam, Rotterdam àti Antwerp, tí wọ́n ń kó wá sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọn kò rú òfin kankan nígbà yẹn, nítorí òfin tiwa ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á di ẹ̀bi ru onídánfó àti mẹ́káníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba ni, ìdí tábìlì àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ló sì yẹ kó ti yanjú. Wọ́n tilẹ̀ ti jókòó lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àjọ kan ní Siwísáláǹdì tí wọ́n ń pè ní Public Eye gbé ìwádìí jáde. Wọ́n bu epo ní ilé epo káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́jọ nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdá kan nínú dísẹ́lì tí wọ́n bù ní Málì ní imí-ọjọ́ ìlọ́po 378 èyí tí Yúróòpù gbà láyè. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn mẹ́jọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni epo tiwa ń gbà wọlé nígbà náà, gbogbo ẹni tó wà nídìí òwò náà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà fi pe ìpàdé sí Àbújá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2016. Hajia Amina Mohammed ni mínísítà ètò àyíká nígbà náà. Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Ivory Coast fẹnu kò pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2017, dísẹ́lì tí yóò máa wọlé kò gbọdọ̀ ní imí-ọjọ́ tó ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ó ju mílíọ̀nù 250 ènìyàn lọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àjọ UNEP, tó ń rí sí ètò àyíká fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, yìn wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, Hajia Mohammed gba New York lọ láti di igbákejì akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje pé. Gánà mú un ṣẹ lórí dísẹ́lì tí wọ́n ń kó wọ̀lú. Nàìjíríà, tó gbàlejò, tó pèsè ìjókòó, tó gbé ohùn sókè jù nínú ìpàdé, kò mú un ṣẹ.

Ó dùn wá láti sọ pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejì 2020, àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà nínú ECOWAS nígbà náà pàdé ní Ouagadougou, wọ́n tún fẹnu kò sórí 50 kan náà: kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2021 fún epo tó ń ti òkè òkun wá, kí àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé sì ní àǹfààní títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Wọ́n fi ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ kún un pẹ̀lú, pé ọkọ̀ kékeré tí yóò wọlé kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó tò sójú títì láti Ìtirẹ́ dé Láwànsọ́n, kí ẹ sọ fún wa èwo ló ń pa òfin yẹn mọ́.

Lọ́dún 2020 yẹn kan náà ni àjọ SDN, tó ń ṣiṣẹ́ ní Niger Delta, yẹ epo tí wọ́n ń tà ní ilé epo wò, wọ́n sì fi wé èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń sè nínú igbó láìgbàṣẹ. Dísẹ́lì ilé epo fi ìlọ́po 204 kọjá ohun tí Yúróòpù gbà, bẹntiróòlù fi ìlọ́po 43 kọjá. Epo inú igbó, èyí tí sójà ń dáná sun nínú ìgbẹ́, dára ju ti ilé epo lọ lápapọ̀. A kò fi èyí yin epo ìgbẹ́ o. Ó ti ba omi jẹ́, ó ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ń lé olè nínú igbó, tó sì ń jẹ́ kí ohun tó burú jù ú lọ wọlé ní Àpápá, ó yẹ kó lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ìjọba tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ìparí 2017 títí di 2023, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń kó bẹntiróòlù wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọwọ́ ìjọba tó tọwọ́ bọ̀wé náà ló wà lórí ìwé ìrajà. Bí wọ́n bá fẹ́ epo mímọ́, kò sí oníṣòwò tí wọ́n ní láti bẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn rírà ni.

Ta ló wá mú òfin náà ṣẹ? Nẹ́dálándì ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àyẹ̀wò tiwọn, ILT, ti tọ ipasẹ̀ epo yìí láti 2018, wọ́n sì rí i pé ibùdó ọkọ̀ ojú omi àwọn ni wọ́n ti ń po púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2023, ìjọba Nẹ́dálándì ní oníṣòwò kankan kò gbọdọ̀ kó epo tó ní imí-ọjọ́ ju 50 lọ jáde lọ sí irú orílẹ̀-èdè tiwa. Bẹ́ljíọ̀mù tẹ̀ lé e ní 2024. Ìyẹn ni pé àlejò ló wá gbá àgbàlá wa, a jókòó, à ń wò ó. Inú wa dùn sí ohun tí wọ́n ṣe, ojú sì tì wá. Síbẹ̀, òfin Nẹ́dálándì kò lè kọjá ibi tí ilẹ̀ Nẹ́dálándì mọ. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ̀ fún ní Amsterdam lè lọ po epo rẹ̀ níbòmíràn, kó sì tún máa bọ̀ ní Àpápá. Ẹnubodè tiwa nìkan ló lè dá a padà.

Ìwádìí Báńkì Àgbáyé tó jáde ní 2020 fojú bù ú pé ní 2018, àìmọ́ afẹ́fẹ́ pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti pé bílíọ̀nù 2.1 dọ́là ló bá a lọ. Nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn tó kú jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Imí-ọjọ́ nìkan kọ́ ló fà á: iná ààtàn wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni imí-ọjọ́ ń ṣe. Bó bá jóná tán, ó ń di eruku tó kúnná tó fi lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kanlẹ̀. Ó tún ń ba kátálíìsì jẹ́, ìyẹn àgbá kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ ọkọ̀ láti máa fọ èéfín kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti pàdánù tiwọn kó tó gúnlẹ̀. Èyí tó bá sì gbé e wọlé, àwọn tó ń rà á wà ní ọjà Ládípọ̀, torí pé irin olówó iyebíye wà nínú rẹ̀. Mẹ́káníìkì á gé e, á jó páìpù lásán sípò rẹ̀, ọlọ́kọ̀ á gba owó tirẹ̀. A kò lè bá wọn wí tán. Ta ni yóò tọ́jú kátálíìsì nígbà tí epo tó ń rà yóò bà á jẹ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kọjá agbára Áfíríkà, ẹ rán an létí ọ̀rọ̀ òjé. Ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n ní àwọn yóò yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù. Nígbà tí 2006 fi wọlé, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán pátá, Nàìjíríà náà wà lára wọn. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n pa ọjọ́ mọ́, òjé tó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́ sì kúrò nínú epo. Kò sí idán níbẹ̀.

Ti imí-ọjọ́ ti di ìjà láàrin àwọn alágbára. Ní oṣù Keje 2024, Farouk Ahmed, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ NMDPRA tó ń ṣọ́ epo nígbà náà, sọ pé dísẹ́lì ilé ìfọpo Dangote ní imí-ọjọ́ tó pọ̀ ju ti òkè òkun lọ, pé ó wà láàrin 650 sí 1,200. Alhaji Aliko Dangote gba àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lálejò, wọ́n yẹ epo wò lójú wọn: tirẹ̀ jẹ́ 87.6, ìdá méjì tí wọ́n rà ní ilé epo, tí wọ́n ní láti òkè òkun ló ti wá, jẹ́ 1,829 àti 2,653. Yàrá àyẹ̀wò Dangote fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Ẹni tó ń tajà ló ń wọn ọjà, nítorí náà a kò ní fi búra. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kò yẹ kí ará ìlú máa dúró de ìjà ọlọ́rọ̀ àti aláṣẹ kó tó mọ ohun tó wà nínú epo tó ń rà. Ẹ sì kíyè sí i: gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, títí kan èyí tí wọ́n fi ń yangàn, kò sí ọ̀kan tí kò kọjá 50 tí a ti tọwọ́ bọ̀ láti 2016.

Ààrẹ Bọ́lá Tinubu jẹ́ alága ECOWAS láti oṣù Keje 2023 di oṣù Kẹfà 2025. Òun fúnra rẹ̀ ló tún di ipò mínísítà epo rọ̀bì mú. Ẹni tó ń darí àjọ tó ṣòfin àti ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé òfin jẹ́ ẹnì kan náà fún nǹkan bí ọdún méjì. Kò sí aṣojú tó ní láti wọ bàálù. Síbẹ̀, nígbà ìpàdé ìyípadà ojú ọjọ́ ti Dubai ní 2023, orúkọ 1,411 ènìyàn ló wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ìwé ìpàdé. Ìjọba àpapọ̀ ní 422 péré ni òun fowó rán. Kí ẹnì kan péré nínú wọn dúró ní Àpápá pẹ̀lú ìgò àyẹ̀wò, ìwé ìròyìn yìí ìbá yìn ín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí NMDPRA máa gbé èsì àyẹ̀wò epo inú ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé rí, kí táńkà tó gbé e kúrò ní Àpápá, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé ìfọpo abẹ́lé náà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kí ọkọ̀ tó bá kọjá 50 yí padà, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá síta. Kí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè kọ̀wé sí ìjọba gbogbo ilẹ̀ tí epo wa ti ń wá, kí wọ́n ní kí wọ́n ṣe bíi Nẹ́dálándì. Ọjọ́ tí ECOWAS dá fún ilé ìfọpo abẹ́lé ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Kí ìjọba má ṣe tún béèrè fún òmíràn.