Nípa Ríra Mítà Àlòkù

Télọ̀ ní téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ, obìnrin tí ń ta gàrí ní kóńgò; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní mítà tí ó fi ń wọn iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra gàrí lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ìdí kóńgò bá tẹ̀ wọnú. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò ṣe é fojú rí. Ohun tí mítà bá sọ ni oníṣẹ́ ń gbà gbọ́. Ẹlẹ́rìí ni mítà, ẹlẹ́rìí èké sì burú ju àìní ẹlẹ́rìí lọ.

Mítà tuntun tí ó dára wọ́n. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ṣe ń ra àlòkù tí ó ti òkè òkun wá, èyí tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀. Àwọn kan a máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, wọn a ní ohun tí ẹlòmíràn ti lò kò lè wúlò mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Donald Macadie, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ronú kan mítà AVO, nítorí pé ó sú u láti máa ru oríṣiríṣi ohun ìwọ̀n kiri. Ọdún 1923 ni ó kọ́kọ́ dé ọjà. Èyí tí wọ́n pè ní AVO 8 jáde ní ọdún 1951, ọdún 2008 ni wọ́n sì tó ṣíwọ́ ṣíṣe irú mítà náà. Àpótí rẹ̀ le, ó ṣe é tú, ó sì ṣe é tò padà.

Síbẹ̀, owó tí olùrà san lọ́jà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Èkíní, kí ó ṣí ibi tí bátìrì wà. Bátìrì tí ó ti pẹ́ a máa ṣomi, omi náà a sì máa jẹ irin. Kí ó nù ún mọ́, kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èkejì, kí ó yẹ wáyà wò. Bí rọ́bà ara rẹ̀ bá ti sán, kí ó sọ ọ́ nù. Ẹ̀kẹta, kí ó wò ó bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn geere, tí ó sì ń padà sórí òdo. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó dán òótọ́ rẹ̀ wò. Kí ó fi í wọn bátìrì kékeré tuntun, tí agbára rẹ̀ yẹ kí ó tó fóòtì 1.5, kí ó sì fi mítà mìíràn tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé wọn bátìrì kan náà. Bí ọ̀kan bá sọ 1.5, tí èkejì sọ 1.2, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Ẹni tí ó bá ka èyí sí àṣejù, kí ó rántí pé ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Mítà tí wáyà rẹ̀ ti já nínú yóò dúró sórí òdo níbi tí iná wà. Oníṣẹ́ tí ó gbà á gbọ́ yóò fọwọ́ kan ikú. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń dán mítà wò níbi tí wọ́n mọ̀ pé iná wà, kí wọ́n tó lò ó, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Tábìlì àtúnṣe rédíò sì ni ipò mítà àtijọ́. Iná ńlá inú ilé àti ti òpópónà ń fẹ́ mítà tí ó ní ààbò òde òní.

Kò sí ìtìjú nínú ríra àlòkù. Ti ẹni tí ó tà á láìsọ àbùkù rẹ̀ ni ìtìjú, àti ti ẹni tí ó rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó sàn kí òtítọ́ bá mítà lórí tábìlì, ju kí ó bá a nígbà tí ọwọ́ oníṣẹ́ bá wà lórí wáyà.