Owó ńlá lórí wáyà USB: ìfèsì sí àpilẹ̀kọ yín

Sí Olóòtú,

Òótọ́ ni òǹkọ̀wé yín sọ pé DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn) tó wà níta kọ̀ǹpútà ń mú orin dùn sí i. Ṣùgbọ́n wáyà USB olówó gọbọi tó ní ká fi kún un, mo ta kò ó pátápátá. Owó àwọn èèyàn ló fẹ́ kó dànù.

Nọ́ńbà ni orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ti CD, láti 1982, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà yìí ni USB ń gbé lọ sí DAC. Bó bá ti dé láìdín, ó parí. Góòlù tí wọ́n fi bo ẹnu wáyà kò lè fi nǹkan kan kún un. Wáyà tí kò dáa á jẹ́ kí orin máa já ni.

Iná ni ìṣòro gan-an. Ẹ ki sípíkà bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ má tíì fi orin sí i, ẹ yí ohùn sókè: ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń kùn, tí ìkùn náà sì lè máa yí padà bí ẹ bá ti ń fa máòsì. Iná inú ẹ̀rọ ló ń dà pọ̀ mọ́ ohùn. Ìdí tí DAC fi wúlò níta nìyẹn. Bó bá ṣì ń kùn lẹ́yìn tí ẹ ti lo DAC, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, wáyà optical ni kí ẹ lò bí ẹ̀rọ yín bá gbà á: ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé nọ́ńbà gba inú rẹ̀, iná kò lè bá a kọjá.

Owó tó bá ṣẹ́kù, sípíkà tó dáa ni kí ẹ fi rà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.