Ta Ni Ọmọ Yín Fẹ́ Lọ Rọ́pò?

Houston, Texas

Ẹ̀yin òbí wa ní Sùúrùlérè, ní Yábàá, àti níbikíbi tí ẹ bá ti ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà,

Láti oṣù kẹta ni fóònù mi kò ti sinmi. Òbí mẹ́rin ló ti pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: "Àǹtí, ọmọ wa fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé tó wà, ó fẹ́ lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣé kó lọ?" Mo dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn bí mo ṣe lè ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni kẹrin gbé fóònù sílẹ̀, mo rí i pé ìdáhùn mi kò kún tó. Ni mo bá jókòó láti kọ ọ́, kí ẹ lè kà á fún ara yín.

Èmi kì í ṣe kóòṣì. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ilé mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá lo ìsinmi láti ọjọ́ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì níbí. Mo ti bá a kó ẹrù kúrò ní ilé-ìwé méjì. Mo sì ti bá a sunkún.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíkúrò yìí ti wọ àwọn ọmọ yín lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 2025, ilé mi kún dẹ́nu. Yunifásítì Houston àti Yunifásítì Florida ló ń gbá àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní San Antonio. Houston ni tiwa, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ Èkó wa, Hakeem Olajuwon, ti gbá bọ́ọ̀lù kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà kan, Rueben Chinyelu, wà nínú ẹgbẹ́ Florida, nítorí náà ìlú pín sí méjì nínú pálọ̀ mi. Florida fi àmì 65 sí 63 borí. Àwa kan dijú, àwọn kan fò sókè.

Nínú àwọn márùn-ún tí Florida fi bẹ̀rẹ̀ eré lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́rin ló ti ilé-ìwé mìíràn wá. Walter Clayton ti Iona wá, Alijah Martin ti Florida Atlantic wá, Will Richard ti Belmont wá, Chinyelu fúnra rẹ̀ sì ti lo ọdún kan ní Washington State. Alex Condon, ọmọ Ọsirélíà, nìkan ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Clayton yìí ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù lọ nígbà tí ìdíje parí. Ọmọ ogún ọdún tó bá rí èyí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé-ìwé tirẹ̀, kí lẹ rò pé yóò máa rò?

Nígbà kan, kíkúrò kò rọrùn. Ọmọkùnrin tó bá pààrọ̀ ilé-ìwé ní ipele tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Division I, yóò jókòó ọdún kan gbáko kó tó lè bá ẹgbẹ́ tuntun gbá ìdíje. Ní 2018 ni wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní portal: ọmọ tó bá fẹ́ lọ yóò ní kí wọ́n fi orúkọ òun síbẹ̀, kóòṣì ibikíbi á sì lè pè é. Ní 2021 wọ́n gbà kí ọmọ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Nígbà tó fi di 2024, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́, wọ́n gbà kó pààrọ̀ iye ìgbà tó bá wù ú, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti dúró dáadáa. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ilé-ìwé tó wà ní Division I lé ní 360. Títí di 2025, ọmọkùnrin 13 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fún ní sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyẹn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin àpapọ̀. Ní 2025, àwọn tó wọ portal nínú wọn lé ní 2,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Àyè tó wà kò tó gbogbo wọn, àwọn ọmọ tuntun tó ń ti ilé-ìwé girama bọ̀ sì ń dù ú pẹ̀lú wọn. Ẹ ò wá rí i pé kò sí bí gbogbo wọn ṣe lè gòkè. Àwọn kan gòkè, púpọ̀ lọ sí ilé-ìwé tó kéré sí ibi tí wọ́n wà, àwọn kan kò sì rí ibi kankan lọ. Àwọn tó gòkè nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn yín.

Nínú àwọn tó gòkè náà, kí ló dé tí ẹnì kan ń tàn, tí ẹlòmíràn ń wọmi? Ohun tí mo rí ni pé orúkọ ilé-ìwé kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, àyè tó ṣófo níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Tẹjúoṣó, ṣebí ẹ ó bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó lé e kúrò, àti iye àwọn tó ń ta irú ọjà yín lójúlé yẹn. Ẹ kò ní gba ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ọjà náà lókìkí. Kí ló wá dé tí a ó fi ọmọ sí ibi tí a kò bèèrè nǹkan kan nípa rẹ̀?

Ẹ wo Oscar Tshiebwe, ọmọ Lubumbashi ní Kóńgò. Ní West Virginia, òun àti géńdé mìíràn ló ń pín abẹ́ àwọ̀n lò, òkìkí rẹ̀ kò sì tíì kàn tó bó ṣe kàn lẹ́yìn náà. Ó kúrò láàárín ọdún, ó lọ sí Kentucky, níbi tí wọ́n ti fi abẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀ fún un pátápátá. Ní sáà 2021 sí 2022, àmì 17 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ nínú eré kan, bọ́ọ̀lù tó ń já gbà lẹ́yìn tó bá ta padà lára irin sì lé ní 15. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù ọdún ní gbogbo Amẹ́ríkà. Dalton Knecht náà bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Colorado, ó lọ sí Northern Colorado, kó tó dé Tennessee ní 2023. Àwọn ará Tennessee mọ bí a ti ń dínà mọ́ ọ̀tá, ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù wọlé ni wọn kò ní tó. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ló ṣófo dè é. Ó kúrò lórí nǹkan bí àmì 20, ó dé 21 ó lé, ní ibi tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Hailey Van Lith ń kó bí àmì 20 léré kọ̀ọ̀kan ní Louisville. Ó lọ sí LSU ní 2023, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ, níbi tí Angel Reese wà pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ mìíràn. Wọ́n ní kó máa darí eré, kó máa pín bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlòmíràn. Ìpíndọ́gba rẹ̀ já sí bíi 12. Ọmọ náà kò gbàgbé bọ́ọ̀lù lóru ọjọ́ kan o! Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tó tún lọ sí TCU, tí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, ó di agbábọ́ọ̀lù ọdún nínú líìgì wọn, ẹgbẹ́ náà sì wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ ni ti Tomi Taiwo, ọmọ wa tí wọ́n bí síbí. Ọdún mẹ́rin ló lò ní Iowa, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin náà ló tó lọ lo ọdún kan tó kù fún un ní TCU. Ẹgbẹ́ tó bá níbẹ̀ kò lágbára, ìyà jẹ wọ́n lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ó rí àyè ṣeré. Ní 2024, ó wà nínú D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní Paris, nígbà tí wọ́n di ẹgbẹ́ alájùsáwọ̀n àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ìpele kọ́tà-fáínà ní Òlíḿpíìkì. Elizabeth Balogun, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Georgia Tech, Louisville àti Duke ni òun gbà kọjá. Nítorí náà n kò sọ pé kí ọmọ má kúrò o. Ẹni tó bá ní kí ọmọ má kúrò rárá kò mọ ohun tí bẹ́ǹṣì ń ṣe fún ọkàn ọmọ.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ọmọ wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn. Ilé-ìwé kékeré kan ló kọ́kọ́ lọ, ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí yìnyín kì í tètè yọ́. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀, kò sí eré tí wọn kì í lò ó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kóòṣì kan wá pè é láti ilé-ìwé ńlá, ó ní, "Ìwọ gan-an ni à ń wá." Inú wa dùn. Àwa kò bèèrè nǹkan kan. Nígbà tó débẹ̀, ó bá àwọn mẹ́ta mìíràn tí kóòṣì náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún lóṣù kan náà, ipò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń gbá. Télọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá àkọ́kọ́ láìtíì gba fírídọ́ọ̀mù, bọ́tìnì ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó máa rán lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́jọ́ mìíràn kò wọlé rárá. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n yọ kóòṣì tó pè é níṣẹ́. Tuntun dé, ó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá.

Ó bá bọ́ọ̀sì dé sọ́dọ̀ mi ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú báàgì méjì. Nígbà tí mo fẹ́ fọ aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó yọ jésì ilé-ìwé náà sọ́tọ̀, ó ní kí n dà á nù. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú àwa méjèèjì. N kò dà á nù. Ó wà nínú dúrọ́wà mi di òní.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló tún dun wá ju bọ́ọ̀lù lọ. Kì í ṣe gbogbo kírédíìtì tí ọmọ ti gbà ni ilé-ìwé tuntun ń kà fún un. Òfin sì wà pé nígbà tí ọdún kejì bá parí, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń béèrè fún dígírì rẹ̀, ìdá 60 lẹ́yìn ọdún kẹta, ìdá 80 lẹ́yìn ọdún kẹrin. Bí kírédíìtì bá sọnù lójú ọ̀nà, ọmọ lè dé ilé-ìwé tuntun kó má lè gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Caleb Love, tó jẹ́ ìràwọ̀ ní North Carolina, fẹ́ lọ sí Michigan ní 2023, ọ̀rọ̀ kírédíìtì kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Arizona ló padà lọ, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìràwọ̀ ni òun, ilẹ̀kùn mìíràn wà fún un. Ọmọ wa ní láti lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú kíláàsì kí ilé-ìwé kẹta tó lè lò ó.

Àwa àlejò tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ọmọ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kàn gbé báàgì. Ilé-ìwé tuntun gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé I-20 tirẹ̀, ti àtijọ́ sì gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Bí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wọ portal, ilé-ìwé tó wà lè fòpin sí sikọ́láṣíìpù rẹ̀ nígbà tí sáà bá parí, ó sì lè má rí ibòmíràn.

Owó? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa fi orúkọ rẹ̀ pa owó, láti oṣù keje 2025 sì ni ilé-ìwé ti lè san án fún un tààrà. Ṣùgbọ́n físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Tshiebwe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré ní Bahamas ní 2022 ló tó lè ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ owó bẹ́ẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ń dárúkọ owó ńlá fún yín lórí WhatsApp, ẹ ní kó fi ìwé ránṣẹ́, kí lọ́yà tó mọ òfin físà kọ́kọ́ kà á.

Mo tún ń ronú nípa Olajuwon. Ọdún àkọ́kọ́ tó dé Houston, kò gbá ìdíje kankan. Ó jókòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ sí gbàgede eré Fonde nínú ìlú yìí láti bá Moses Malone, tó ti jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀, figẹ̀ wọngẹ̀. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA. J'Wan Roberts, tó gbá àṣekágbá 2025 yẹn fún Houston, ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Ká ní ìkánjú ti gbé wọn, n kò mọ̀ bóyá ẹnì kan yóò dárúkọ wọn lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá pè yín, ẹ bi í pé: ta ni o fẹ́ lọ rọ́pò? Ta ló ti kúrò níbẹ̀, ta ló kù, àwọn mélòó ni kóòṣì náà tún pè? Kóòṣì fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ dúró? Kírédíìtì mélòó ni wọ́n máa kà, ìwé rẹ̀ dà? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ béèrè kó tó ní kí wọ́n fi orúkọ òun sí portal.

Ọmọ wa wà ní ilé-ìwé kẹta báyìí, ní Division II. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì máa gboyè lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá tó pè mí kẹ́yìn, ẹ sọ fún ọmọ yín kó pè mí kó tó buwọ́ lu ohunkóhun. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Kó má rò pé òun ń jí mi, n kì í tètè sùn.

Èmi ni,
Àǹtí yín ní Houston